Ìrònú Kọ́ Ló Ń Fa Próstéètì

Ní ìpàdé àwa ọmọ Yorùbá ní Kubwa lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀gbọ́n kan tún ti gbé e dé: "Ìrònú ló ń fa próstéètì. Owó ilé Abuja, owó iléèwé ọmọ, ṣé kò ní kó sí ọkùnrin lára ni?" Gbogbo ilé ń kan sáárá sí i. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́. Próstéètì gan-an kì í ṣe àìsàn, ẹ̀yà ara kékeré kan ni lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin; àìsàn tó ń bá a jà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Bó bá jẹ́ ìrònú ni, ta ni próstéètì ìbá tún yọ lẹ́nu tó ìwẹ̀fà, ẹni tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá kó lè máa sìn láàfin? Lọ́dún 1987, àwọn dókítà kan tẹ àbọ̀ àyẹ̀wò ìwẹ̀fà 26 ní Ṣáínà jáde, àwọn tó ti lò ju 40 ọdún lọ lẹ́yìn tí wọ́n tẹ̀ wọ́n lọ́dàá. Nínú wọn, 21 ni dókítà fọwọ́ wá próstéètì wọn tì. Ó ti sún kì tán. Ìdí ni pé kóró ẹpọ̀n ni èròjà testosterone ti ń wá, òun ló sì ń bọ́ próstéètì. Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, próstéètì á máa tóbi, á máa fún ọ̀nà ìtọ̀ tó gba àárín rẹ̀ kọjá mọ́. Ti jẹjẹrẹ náà ò jìnnà síyẹn. Lọ́dún 1941, dókítà kan, Charles Huggins, fi hàn ní Amẹ́ríkà pé bí wọ́n bá dí èròjà yìí lọ́wọ́ lára aláìsàn, jẹjẹrẹ próstéètì tó ti ràn kiri a máa fà sẹ́yìn. Ó gba ẹ̀bùn Nobel nítorí ẹ̀ lọ́dún 1966. Kì í ṣe torí pé ó ní káwọn aláìsàn máa rẹ́rìn-ín.

Wọ́n á ní, "Ìgbà tí lágbájá fẹ̀yìn tì ló bẹ̀rẹ̀." Ẹni ọdún mélòó ni lágbájá? Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń fẹ̀yìn tì ní 60, ọjọ́ orí yẹn náà sì ni próstéètì ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti tóbi.

Ẹ wo bàbá tó bí mi lọ́mọ ní Ọ̀fà. Kò jẹ gbèsè, kò bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́, ìdí ọpọ́n ayò ló ń wà látàárọ̀. Lóru, wọ́n á fọwọ́ ti ògiri balùwẹ̀, ìtọ̀ á máa kán tó, tó, tó, wọn ò ní lè tètè kúrò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi rọ́bà tó ń fa ìtọ̀ jáde sínú báàgì sí wọn lára, wọ́n gbé báàgì náà dání lọ sídìí ayò, wọ́n sì tún jẹ. Èmi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya ń lọ́ nífun lójoojúmọ́, àyẹ̀wò mi mọ́ lóló.

Ó dáa, ìdààmú ọkàn lè mú kí iṣan ẹnu àpò ìtọ̀ fún pọ̀, kó tún ni ẹni tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lára sí i. Kò jùyẹn lọ.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọkùnrin á lọ máa sinmi, á ní òun ń dín ìrònú kù, nígbà tí jẹjẹrẹ yìí kì í sábà fi àmì kankan hàn níbẹ̀rẹ̀. Àwa aláwọ̀ dúdú ló sì ń bá jà jù: ní Britain, 1 nínú 4 ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ló ń ní in láyé rẹ̀, nígbà tó jẹ́ 1 nínú 8 fún ọkùnrin lápapọ̀. Bí bàbá tàbí arákùnrin yín bá ti ní in rí, ẹ má dúró de 50, láti bí 40 sí 45 ni kẹ́ ẹ ti bá dókítà sọ̀rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń fà fún àyẹ̀wò PSA, èròjà kan tó ń ti ara próstéètì wọnú ẹ̀jẹ̀. Bí nọ́ńbà ẹ̀ bá ga, kò ì tíì di jẹjẹrẹ o. Dókítà á ní kẹ́ ẹ ṣe òmíràn kún un.