Ẹ bi í léèrè kẹ́ ẹ tó ràn án lọ́wọ́

Tíṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, owó oṣù nìkan kọ́ ló ń bá a lọ. Agbára àtisọ pé "báyìí ni mo fẹ́" náà ń lọ. Àwa ẹbí la sì máa ń gba èyí tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ẹ̀, tá a ní à ń ṣèrànlọ́wọ́.

Iléeṣẹ́ tí bàbá kan ládùúgbò wa ti ń ṣiṣẹ́ kógbá sílé. Kíá làwọn ẹ̀gbọ́n wọn ti ṣèpàdé lórí WhatsApp: kí wọ́n yọ ọmọ kúrò ní iléèwé aládàáni, kí wọ́n fi ilé sílẹ̀, kí wọ́n lọ bá ẹnì kan ta símẹ́ńtì n'Íkòròdú. Ìmọ̀ràn yẹn lè dáa o. Àmọ́ ta ló bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ ṣe? Bàbá kàn jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, "hùn, hùn" ni wọ́n ń dá.

Ìyàwó wọn ló gbọ́n. Ó gbé bírò àti ìwé síwájú wọn, ó ní, "Dádì, ẹ̀yin lẹ máa pín owó gírátúítì yìí." Bàbá kọ rẹ́ǹtì, wọ́n kọ owó iléèwé, wọ́n fa ilà pa DStv rẹ́ fúnra wọn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwa ará ilé kejì gbọ́ tí wọ́n ń jiyàn lórí owó gáàsì. Owó ò pọ̀ sí i o, ṣùgbọ́n ohùn wọn ti padà.

Ní abúlé Marienthal ní Austria, nígbà tí iléeṣẹ́ aṣọ ibẹ̀ tì pa, àwọn olùwádìí lọ wo ìgbé ayé àwọn ará ibẹ̀, wọ́n tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 1933. Wọ́n ti fagi lé owó táwọn èèyàn ń san láti yá ìwé ní ilé ìkàwé, síbẹ̀ ìwé táwọn èèyàn ń yá já wálẹ̀. Àwọn ọkùnrin ń wọ́ ẹsẹ̀ lójú títì. Àwọn obìnrin ló ń yára, torí iṣẹ́ ilé ṣì ń dúró dè wọ́n.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi wé tàwọn tó ń pariwo pé "ọwọ́ ẹ layé ẹ wà" ṣá o. Ṣé òṣìṣẹ́ ló já náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023 ni? Ẹ má di ẹ̀bi ru ẹni tí wọ́n lé.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fún un ní nǹkan, ẹ fowó ránṣẹ́, kó fúnra ẹ̀ ná an. Ẹ̀ ń gbé àpò ìrẹsì lọ, owó rẹ́ǹtì ló ń wá.