"Ewé lásán ni, kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan": ta ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀?

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, màmá mi pè mí láti Ìjọ̀kà ní Àkúrẹ́ pé òòyì ń kọ́ àwọn, pé bí àwọn bá ti ní kí àwọn dìde lórí àga, ńṣe ni ilé ń yí. Kí n tó débẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní yàrá ẹ̀gbẹ́ wọn ti gbé ẹ̀rọ wá, ó ti wọn ìfúnpá wọn: 88 lórí 54. Ẹni tó jẹ́ pé 160 ló máa ń bá a fà á tẹ́lẹ̀.

Wọ́n ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà kọ fún wọn láàárọ̀, ẹyọ kan péré bó ṣe yẹ. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n tún mu. Wọ́n nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fíríìjì. Ike omi kan wà níbẹ̀, ohun inú rẹ̀ pọ́n bíi tíì tí wọ́n gbàgbé sórí iná, egbò bíi mẹ́ta sì rì sísàlẹ̀ rẹ̀.

"Àgbo ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ife kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́. Ó wá bá mi lára mu, ni mo bá fi ife kan kún un lọ́sàn-án."

Mo ní, "Ẹ̀yin Màmá, ẹ wá ń lo oògùn méjì pọ̀ fún àìsàn kan ṣoṣo?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tó bú bàbá wọn. "Èwo ni oògùn méjì? Ọ̀kan ni oògùn. Èyí ewé lásán ni, kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan."

A gbé wọn lọ sí ọsibítù, wọ́n fa omi sí wọn lára, wọ́n sì padà wálé lọ́jọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò kúrò létí mi. Kì í ṣe màmá mi nìkan ló ń sọ ọ́. Mo ti gbọ́ ọ nínú mọ́tò tó ń lọ sí Ondó, mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò, mo tún gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ní dìgírì méjì. Ẹni tó bá sì jiyàn, wọ́n á ní òyìnbó ti gba orí ẹ̀, pé ó ń tẹ́ńbẹ́lú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wa.

Ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí àgbo bá lágbára láti mú ìfúnpá èèyàn wálẹ̀, ta ni yóò sọ fún un nígbà tó bá wálẹ̀ tó, pé kó dúró? Ewé tí kò lè ṣe ara ní ibi kankan, rere wo ló fẹ́ ṣe níbẹ̀?

Mo padà lọ bá ìyá tó ta àgbo náà ní Ọjà Ọba, n kò lọ jà. Mo kí wọn, mo jókòó, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ sọ orúkọ egbò inú rẹ̀ fún mi. Wọn ò fi pamọ́ rárá. Ọ̀kan nínú wọn ni asofẹ́yẹjẹ.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí asofẹ́yẹjẹ, torí pé tí èèyàn bá fẹ́ rí ohun tí mò ń wí, kò tún sí igi tó fi hàn tó o. Kò sí adáhunṣe tó ń tọ́jú wèrè nílẹ̀ Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n. Egbò rẹ̀ ni wọ́n fi ń mú orí aláìsàn balẹ̀, tí ẹni tó ti ń sáré kiri láti ọjọ́ mẹ́ta yóò fi sùn. Àwọn onímọ̀ ewé ń pè é ní Rauvolfia vomitoria, orúkọ kejì yẹn gan-an, ọ̀rọ̀ èébì ló ti wá, ìyẹn nìkan tó ìkìlọ̀. Ní 1952, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Switzerland yọ ohun kan jáde lára ìbátan rẹ̀ tó wà ní Íńdíà, wọ́n pè é ní reserpine. Tiwa náà ní in nínú egbò rẹ̀. Reserpine di oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti oògùn ọpọlọ káàkiri ayé. Ohun tí àwọn bàbá wa ń sọ nípa igi náà jóòótọ́, ẹ̀rí sì wà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìwọ̀n rẹ̀. Lóòjọ́, èyí tí aláìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń lò kì í sábà ju 0.25 mílígíráàmù lọ. Ẹ bu iyọ̀ jíjẹ sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ ṣa bíi hóró mẹ́rin sọ́tọ̀: kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá ti kọjá bó ṣe yẹ, ìfúnpá á já wálẹ̀, oorun á máa kun èèyàn, imú á dí, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn á sì wọlé. Nígbà tí mo gbọ́ ti imú ni mo dákẹ́. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí màmá mi ti ń ráhùn pé imú àwọn dí, a sì ń dá ọyẹ́ lẹ́bi.

Èwo wá ni ife mẹ́ta nínú ike tí ẹnì kankan ò mọ iye egbò tó wà nínú rẹ̀? Ti ọjọ́ kìíní lè ṣàn bí omi, ti ọjọ́ karùn-ún á ti ki, torí pé egbò ṣì wà nísàlẹ̀ ike tó ń da agbára rẹ̀ sínú omi.

Àwọn bàbá wa ò sọ ọ́ rí pé ohun inú igbó kò lè pani. Ọdẹ tó ń fi ìṣágẹrẹ sí ẹnu ọfà mọ ohun tó ń ṣe. Oró inú rẹ̀ ń dá ọkàn ẹran dúró, láti ara ẹbí igi yẹn kan náà sì ni àwọn oníṣègùn òyìnbó ti rí oògùn ọkàn. Gbàgúdà ńkọ́? Egbò ni, látinú ilẹ̀ ló ti wá, oró sáyánáìdì sì wà nínú èyí tó korò. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi ń rẹ ẹ́, tí wọ́n ń fún un, tí wọ́n ń yan án kó tó di gàrí. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní yunifásítì. Ẹ bi àgbà adáhunṣe gidi pé ṣé aboyún lè mu àgbo kan, á kọ́kọ́ bi yín pé oyún oṣù mélòó. Ìwọ̀n wà nínú ìṣègùn wa: ẹ̀kúnwọ́, ṣíbí, ọjọ́ mẹ́ta, má tún mu ún mọ́. Àwa tí a ń fi ife kan kún méjì la gbàgbé rẹ̀, tí a wá ń pe ìgbàgbé náà ní àṣà.

Oṣù kẹrin 2015 ni ti Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Ondó wa níbí. Ojú àwọn èèyàn ń ṣókùnkùn, orí ń fọ́ wọn, wọ́n ń dákú, wọ́n ń kú, láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ó lé ní èèyàn 15 tó bá a lọ. Àwọn kan ní òrìṣà Málòkun ló ń bínú, àwọn mìíràn ní àrùn tuntun ni. Àyẹ̀wò wá fi hàn pé methanol, irú ọtí olóró kan tí kì í ṣe mímu, ló wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Bí methanol bá wọ ara, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di ásíìdì tó ń pa iṣan ojú. Ògógóró, ọtí ìbílẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ alágbo fi ń rẹ egbò. Mo ṣì ń rí ẹni tó ń ra ṣẹ̀pẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì ní aago méje àárọ̀ tó ń sọ pé kò ní kẹ́míkà nínú.

Ní 2015 yẹn kan náà ni Tu Youyou ará Ṣáínà gba ẹ̀bùn Nobel nítorí oògùn ibà tó wá látinú ewé. Ìwé ìṣègùn àtijọ́ ilẹ̀ wọn ló tọ́ ọ sọ́nà: ẹ̀kúnwọ́ ewé kan, rẹ ẹ́ sínú omi, fún un, mu omi rẹ̀. Ìwé náà kò ní kí wọ́n sè é. Ìyẹn ló jẹ́ kó fura pé iná ló ń ba agbára ewé náà jẹ́, ó wá fi ohun tí kì í fẹ́ ooru púpọ̀ yọ ọ́. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ló kọ́kọ́ mu ún kí wọ́n tó fún aláìsàn. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó ń tẹ́ńbẹ́lú àṣà wọn.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó kàwé ní yunifásítì FUTA fi ọdún méjì wo ewé kan ṣoṣo. Ó kọ́kọ́ gbé e lọ fún àwọn tó mọ igi láti dá a mọ̀, torí pé orúkọ kan náà lè wà lára igi méjì láàárín Àkúrẹ́ àti Ìdànrè. Ó sá a sábẹ́ ibòji, ó lọ̀ ọ́, ó rẹ apá kan sínú omi, apá kan sínú ọtí, ó wá ń fún eku funfun bí eku kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó. Lẹ́yìn náà ló gba ẹ̀jẹ̀ wọn láti wo ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín. Ó máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìgbà tí eku bá ṣàìsàn ni òun mọ̀ pé ewé náà kì í ṣe ewé lásán.

Ìdámọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní Brussels, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sókè, ó lé ní obìnrin 100 tí kíndìnrín wọn bàjẹ́ nítorí pé wọ́n fi ewé kan pe èkejì nínú oògùn tó ń mú ara fọn. Aristolochia ni èyí tó bá wọn jà. Akọ igún tí àwọn ẹlẹ́wé ọmọ ń tà ní ọjà wa, ẹbí kan náà ni.

Ẹni tó bá ní òun ti rí nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò, kó wo ìparí rẹ̀. Bí L bá wà níbẹ̀, wọ́n kàn kọ orúkọ ọjà náà sílẹ̀ ni, wọ́n sì máa ń tẹ̀ ẹ́ sára rẹ̀ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń wò wò.

Ọ̀rọ̀ ajé náà wà níbẹ̀. Ata ìyẹré, osùn, kannafùrù àti ọkà bàbà ni wọ́n fi ṣe Nicosan, oògùn fún àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ SS. Ọwọ́ ìdílé oníṣègùn Yorùbá kan ni ìmọ̀ rẹ̀ wà kí ilé ìwádìí oògùn ìjọba ní Àbújá tó gbé e wọ láàbù. Wọ́n gbé e jáde sọ́jà ní 2006, nígbà tó fi máa di 2008, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe é ti wọ gbèsè. Owó ló pa á. Mo máa ń bínú tí mo bá rántí.

Ìyá Ọjà Ọba ní tiwọn, egbò ló ń pa àwọn lówó. Asofẹ́yẹjẹ tí wọ́n ń wà lẹ́yìn ilé ní ọ̀nà Òdà nígbà kan, rírà ni wọ́n ń rà á báyìí, ó sì ń wọ́n sí i, torí pé ẹni tó wú egbò ti pa igi. Mo ní, "Ìyá, tí a bá ń mu ún bí omi, ṣé kò ní tán?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ta ló ní kí ẹ mu ún bí omi? Èmi fúnra mi kì í mu ìyẹn ju ọjọ́ mẹ́ta lọ."

"Ẹ ò sọ fún màmá mi."

"Wọn ò bi mí. Wọn ò sì sọ pé àwọn ń lo ti òyìnbó."

Màmá mi ò fi àgbo sílẹ̀, n kò sì retí rẹ̀. Ti ibà àti ti jẹ̀díjẹ̀dí ni wọ́n ń rà báyìí, páálí oògùn wọn sì wà nínú báàgì nígbàkígbà tí wọ́n bá ń lọ. Ìyá alágbo náà ò lè ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan wá ra ti ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ní kó tú báàgì rẹ̀ kí àwọn rí i ná. Páálí aláwọ̀ búlúù kan náà ni. Wọ́n dá owó rẹ̀ padà fún un.