Ṣé dandan ni kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn kí ẹbọ tó dà?

Ọlọ́jà Gbági: Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó lọ dá Ifá. Wọ́n ní kó rú ewúrẹ́ kan, epo, obì àti owó. Ó ní kí ló dé tí òun ò lè fi owó ewúrẹ́ yẹn ra ìrẹsì fún àwọn opó àdúgbò? Ṣé ìyẹn kì í ṣe ẹbọ ni?

Àtúnbí: Ẹbọ ti parí. Jésù ti fi ara rẹ̀ rú u lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ ka Hébérù 10. Kó fún wọn ní ìrẹsì, kó gbàdúrà, kó ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ọmọ Awo: Àbọrú, àbọyè o. Àtúnbí, ẹ má bínú, ẹ ò tíì dáhùn ìbéèrè. Nílé wa, bí Ifá bá jáde, babaláwo á dìbò, ìyẹn ni pé á fi ìbò bi Ifá, kó lè mọ̀ bóyá ẹbọ ni Ifá ń bèèrè àbí àdìmú lásán, bóyá Orí la máa bọ tàbí òrìṣà kan. Àdìmú lè jẹ́ obì, ẹ̀kọ, àkàrà, omi tútù; ẹ̀jẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá. Ògún ń jẹ ajá, ìgbín ni ti Ọbàtálá, ẹ má sì gbé epo pupa dé iwájú ẹ̀. Kò sí dandan kan tó kárí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n bí Ifá bá ní ewúrẹ́, ewúrẹ́ ni. A ó tẹ odù Ifá tó jáde sórí ìyẹ̀rosùn, ìyẹ̀fun tí a fi ń tẹ Ifá, a ó bù ú sí ẹbọ, Èṣù á gba tiẹ̀. Ìyókù, ọbẹ̀ ni.

Ìyá Ìbejì: Ọbẹ̀ kẹ̀! Èyí tí eṣinṣin ń bò ní oríta ńkọ́?

Ọmọ Awo: Ìyá Ìbejì, mo ní Èṣù á gba tiẹ̀. Ohun tí ẹ rí nìyẹn. Ẹbọ ètùtù, èyí tí a fi ń tu ibi lójú, a kì í jẹ ẹ́ ní tòótọ́.

Mùsùlùmí Ìlọrin: Èmi ò ní jẹ ẹran tí wọ́n dú lórúkọ òrìṣà, ẹ̀sìn mi kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé ẹbọ ti parí? Ọdọọdún là ń pa àgbò níléyá. Suratul-Hajj, ẹsẹ 37, sọ pé ẹran àti ẹ̀jẹ̀ wọn kì í dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun, ìbẹ̀rù Rẹ̀ tó wà lọ́kàn yín ló ń dé ibẹ̀. Síbẹ̀ a ò torí ìyẹn dá àgbò sí. A ń pa á, a sì ń pín in.

Ará Florida: Lọ́dọ̀ wa níbí, àwọn ọmọ Kúbà tó ń bọ òrìṣà, àwọn Lukumí, fẹ́ dá ilé ìjọsìn sílẹ̀ ní Hialeah ní 1987. Kíá ni ìjọba ìlú ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ẹran rúbọ. Ní 1993, adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà fagi lé òfin náà, torí ìlú yẹn fàyè gba ọdẹ àti alápatà. Ẹran ojúbọ nìkan ni òfin wọn dójú kọ. Bràsíl náà dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ láre ní 2019. Àwa ọmọ onílé wá ń sá fún un!

Àtúnbí: Kóòtù ò lè sọ ohun tí Ọlọ́run fẹ́ fún mi.

Ọmọ Ọ̀yọ́: Òótọ́ ni. Èmi ò bínú sí ewúrẹ́, àwọn tó ń dá Ifá lórí WhatsApp ni mò ń bá jà. Wọ́n á ní kéèyàn fowó ewúrẹ́ mẹ́ta ránṣẹ́. Ewúrẹ́ wo? Kò rí ẹran, aládùúgbò ò gbóòórùn ọbẹ̀. Ifá bèèrè pé kí ni wọ́n ń bọ nífẹ̀, wọ́n ní ẹnu wọn ni. Ẹnu là ń kì ní Olúbọ̀bọ̀tiribọ̀, baba ẹbọ! Bí ẹnu kankan ò bá jẹ ẹ́, kí lẹ rú?

Ọlọ́jà Gbági: Ìrẹsì àwọn opó tọ̀nà nìyẹn?

Ọmọ Awo: Ó tọ̀nà, àmọ́ kò rọ́pò ohun tí Ifá dárúkọ. Kó padà lọ sọ fún babaláwo náà pé kó dìbò, bóyá Ifá á gba nǹkan mìíràn. Ẹ̀tọ́ ẹ̀gbọ́n yín ni. Bí Ifá bá kọ̀, kó ra ewúrẹ́, kó sè é, kó pe àwọn opó náà wá fi jẹ ìrẹsì.

Àtúnbí: Àwọn opó ìjọ wa ò ní wá o.

Ìyá Ìbejì: Ṣé ẹ ti bi wọ́n?