Bono kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ìjà gbèsè Áfíríkà

Arákùnrin kan tún gbé e dé níbi ìsọmọlórúkọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta: Bono, olórin ọmọ Ireland nì, ló bẹ̀rẹ̀ ìjà pé kí wọ́n fa ìwé gbèsè àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ya. Gbogbo tábìlì ń mi orí bí alángbá. Ó ti sú mi.

Martin Dent ni kí ẹ máa dárúkọ. Ajẹ́lẹ̀ ni lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ Tiv kó tó di olùkọ́ ìmọ̀ ìṣèlú ní Yunifásítì Keele, ìṣèlú Nàìjíríà sì wà lára ohun tó ń kọ̀wé lé lórí. Ní nǹkan bí 1990, òun àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mú ọ̀rọ̀ Léfítíkù orí 25, níbi tí ẹrú ti ń gba òmìnira, tí ilẹ̀ sì ń padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín ní àádọ́ta ọdún. Wọ́n ní kí ọdún 2000 jẹ́ júbílì fún àwọn tí gbèsè ti wọ̀ lọ́rùn. Bill Peters, aṣojú ìjọba Britain tó ti fẹ̀yìn tì, bá a dá a sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń jà fún ìfagilé gbèsè, Jubilee 2000, nìyẹn.

Mo wà ní Birmingham ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún, 1998. Ṣọ́ọ̀ṣì wa gba bọ́ọ̀sì láti London. Nǹkan bí 70,000 èèyàn di ọwọ́ ara wọn mú yí àárín ìlú ká nítorí ìpàdé G8, àwọn olórí orílẹ̀-èdè ńlá mẹ́jọ, pé kí wọ́n fagi lé gbèsè. Màmá òyìnbó kan ló di ọwọ́ òsì mi mú. Ìwé ìfọwọ́sí kún inú àpò ọ̀rá rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá láìfọwọ́ sí i. Àwọn olórí ti lọ farapamọ́ sí Weston Park, ilé ńlá kan lẹ́yìn ìlú, àmọ́ Tony Blair, olórí ìjọba Britain nígbà náà, padà wá bá àwọn aṣáájú wa sọ̀rọ̀. Ará ṣọ́ọ̀ṣì, akẹ́kọ̀ọ́, òṣìṣẹ́ ni mo rí. Mi ò rí olórin kankan. Oṣù Kejì 1999 ni Bono àti Muhammad Ali ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síbi àmì ẹ̀yẹ Brit, tí wọ́n ń fún àwọn olórin ní Britain.

Ẹ ní Bono lẹ rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Tẹlifíṣọ̀n wo ló lọ sí kíláàsì ní Keele?

Ó dáa, ohùn rẹ̀ ràn wá lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó lè wọn bó ṣe pọ̀ tó. Àwọn ìjọ Áfíríkà náà ti ń ké pe júbílì nígbà yẹn.

Ẹ má sì fi ti Nàìjíríà kún iṣẹ́ Bono mọ́. Bílíọ̀nù 18 dọ́là tí Paris Club, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó yá wa lówó, gbà ní 2005 láti fagi lé, tí àwa náà sì san nǹkan bí bílíọ̀nù 12, ìjọba Obasanjo ló rán Okonjo-Iweala lọ dúnàádúrà rẹ̀. Jubilee 2000 gan-an ti kógbá wọlé ní òpin ọdún 2000.