Nọ́ńbà NAFDAC ara ìgò àgbo kò sọ pé àgbo náà ń wòsàn

Gbólóhùn kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu ẹni tó ń ta oògùn nínú ọkọ̀ elérò, tí kì í sì í wọ́n nínú ìpolówó àgbo lórí rédíò: "Ó ní nọ́ńbà NAFDAC o, ìjọba ti yẹ̀ ẹ́ wò." Bí wọ́n bá ti sọ ọ́, àríyànjiyàn parí nìyẹn. Ẹni tó ń ṣiyèméjì tẹ́lẹ̀ á ki ọwọ́ bàpò. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé àwọn dókítà kan ti jókòó ní Àbújá, wọ́n ti fún àwọn aláìsàn ní àgbo yìí mu, wọ́n sì ti fojú ara wọn rí i pé jẹ̀díjẹ̀dí lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, àtọ̀gbẹ sì san. Ẹnikẹ́ni ò ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní nọ́ńbà. NAFDAC fúnra rẹ̀ ò sì sọ pé òun ṣe é.

Ara ìgò náà gan-an ni ẹ̀rí wà. Níwájú, lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n fi kọ orúkọ àrùn: ibà, jẹ̀díjẹ̀dí, ara ríro, àìrọ́mọbí. Ẹ yí i sẹ́yìn, síbi tí lẹ́tà ti kéré débi pé àgbàlagbà ní láti wá awò ojú. Ibẹ̀ ni nọ́ńbà wà. Ti oògùn ìbílẹ̀ sábà máa ń fi A7 bẹ̀rẹ̀, á sì fi lẹ́tà L parí. Ẹ tún wá ìlà Gẹ̀ẹ́sì kan nítòsí rẹ̀, tó sọ pé "These claims have not been evaluated by NAFDAC" tàbí ohun tó jọ ọ́. Ohun tí ìlà yẹn ń wí ni pé NAFDAC kò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá lóòótọ́ ni oògùn yìí ń ṣe ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe. NAFDAC ló pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Lẹ́tà L yẹn náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: ó ń fi hàn pé ńṣe ni wọ́n kàn to orúkọ oògùn náà sínú ìwé, kò tíì gba ìforúkọsílẹ̀ kíkún bíi ti oògùn tí wọ́n ti fi aláìsàn dán wò. Ọdún 2 péré ni ìwé rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó tún un gbà. Ọdún 5 ni ti ìforúkọsílẹ̀ kíkún.

Kí ni NAFDAC wá ṣe? Kì í ṣe iṣẹ́ kékeré, mi ò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Wọ́n máa ń lọ wo ilé iṣẹ́: omi tí wọ́n ń lò, ìmọ́tótó, bí wọ́n ṣe ń kó nǹkan pamọ́. Wọ́n máa ń yẹ oògùn náà wò bóyá kòkòrò àrùn tàbí èbu wà nínú rẹ̀. Wọ́n á tún béèrè àbájáde àyẹ̀wò tí wọ́n ti fún àwọn eku ní oògùn náà ní ìwọ̀n tó pọ̀, láti mọ ibi tó ti lè pa wọ́n. Ẹni tó bá rántí Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní oṣù kẹrin ọdún 2015, á mọ ìdí tí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ fi ṣe pàtàkì. Orí ń fọ́ àwọn èèyàn, ojú wọn ń ṣú, wọ́n sì ń kú láàárín ọjọ́ kan. Àwọn kan ní òrìṣà ìlú ló ń bínú. Àyẹ̀wò wá fi hàn pé methanol, irú ọtí kan tó jẹ́ májèlé, ló wà nínú ògógóró tí wọ́n mu.

Ṣùgbọ́n eku tí wọ́n ṣọ́ fún ọjọ́ díẹ̀ kò lè sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí kíndìnrín ẹni tó ń mu ife àgbo kan láràárọ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ní Brussels, lórílẹ̀-èdè Belgium, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ilé ìwòsàn kan ń fún àwọn obìnrin tó fẹ́ kí ara wọn fọn ní kápúsù tí egbòogi ilẹ̀ Ṣáínà wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan ṣi egbò mú: Aristolochia fangchi ni wọ́n kó síbẹ̀ dípò Stephania tetrandra. Wọ́n ń gbé e mì, wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́ wọn, kíndìnrín wọn sì ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn obìnrin tó kàn lé ní 100. Ọ̀pọ̀ nínú wọn di ẹni tó ń lo ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ tàbí tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún, jẹjẹrẹ ọ̀nà ìtọ̀ sì tún yọ sí àwọn kan lára lẹ́yìn náà. Egbò lásán ló ṣe é o.

Nọ́ńbà ò tilẹ̀ lè jẹ́rìí sí gbogbo ìgò tó ń jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti gbà á. Oògùn eyín ọmọdé tó fa àjálù ní Nàìjíríà ní ìparí 2008 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2009 kì í ṣe àgbo rárá, oògùn òyìnbó ni, ó sì ní ìforúkọsílẹ̀. Àwọn kan lo diethylene glycol, tó jẹ́ májèlé, níbi tó yẹ kí wọ́n lo propylene glycol. Ọmọ tó kú kò dín ní 84.

Bí a bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń dán àgbo wò ní tòótọ́, àpẹẹrẹ wà nílé wa níbí. Ní àwọn ọdún 1990, Ẹni-ọ̀wọ̀ P. O. Ogunyale kó àgbo ìdílé rẹ̀ fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde lọ fún NIPRD, ilé ìwádìí oògùn ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá. Iyèré, osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n pín àwọn aláìsàn sí méjì: apá kan ń lo oògùn náà, apá kejì ń lo ohun tó jọ ọ́ tí kò ní oògùn nínú, aláìsàn ò mọ èwo lòun ń lò, dókítà náà ò sì mọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n pààrọ̀ wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ìrora tó máa ń kọ lu àwọn aláìsàn náà dínkù. Niprisan ni oògùn tó ti ibẹ̀ jáde. Síbẹ̀, àwọn tó yẹ iṣẹ́ náà wò lẹ́yìn wọn ní àyẹ̀wò tó pọ̀ sí i ṣì yẹ kó wáyé. Inú mi máa ń dùn sí ìtàn yìí, torí kò sí ẹni tó fojú tín-ínrín àgbo Yorùbá níbẹ̀. Wọ́n kà á sí débi pé wọ́n dán an wò gidi.

Ohun tó ń ká mi lára jù ni ti àwọn òbí wa tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, tí wọ́n ń pa oògùn ilé ìwòsàn tì torí pé "èyí náà ní nọ́ńbà." Àwọn mìíràn ń lo méjèèjì pọ̀, wọn kì í sì í sọ fún nọ́ọ̀sì. Àgbo míì lè fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ bí ó bá pàdé oògùn àtọ̀gbẹ. Ọtí sì wà nínú ọ̀pọ̀ àgbo jẹ̀díjẹ̀dí.

Bí ìgò kan bá wà nílé yín, ẹ wá orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ nínú Greenbook tí NAFDAC gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, greenbook.nafdac.gov.ng, torí àwọn kan máa ń da nọ́ńbà oògùn ẹlòmíràn kọ sára ìgò tiwọn. Bí orúkọ ò bá bá nọ́ńbà mu, ẹ má mu ún. Bí ó bá bá a mu, tí màmá sì ní òun á máa lò ó, ẹ gbé ìgò náà gan-an dání lọ́jọ́ kílíníkì, ẹ má fi ẹnu ròyìn rẹ̀, kí dókítà lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó sì ní kí wọ́n yẹ kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ màmá wò.