Kí ẹ tó fi fóònù àlòkù yẹn ta aláìnílé lọ́rẹ

Ẹ̀yin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ nílé lóko, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun tẹ́ ẹ máa ń kó fóònù àti láptọ́ọ̀pù àlòkù ránṣẹ́ sáwọn àjọ aláàánú tó ń ran àwọn tí kò nílé lọ́wọ́, ẹ ṣeun. Èrò ọkàn mi ni pé síìmù inú fóònù ṣe pàtàkì ju fóònù náà lọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìtọrẹ ti ń bàjẹ́.

Ẹ wo ẹni tó ń sùn síwájú ṣọ́ọ̀bù ní Tákìé, tàbí nínú ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí. Ara rẹ̀ le, ó fẹ́ ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń wá ọlọ́dẹ, ẹni tó ń wá ẹni tó máa fọ abọ́ ní búkà, nọ́ńbà ni wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè. Bí wọn ò bá rí i pè láàárọ̀, ẹlòmíì á ti bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ náà kó tó dọ̀sán. Bó bá ríṣẹ́, àkáǹtì ni owó oṣù ń bá lọ. Àkáǹtì ń fẹ́ BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì, tàbí NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè. NIN ni wọ́n sì fi ń forúkọ síìmù sílẹ̀.

Nítorí náà, NIN ni kí àjọ kọ́kọ́ bá a ṣe. Ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ kì í gba owó, àtúnṣe ọjọ́ ìbí ló ń gba owó gidi. Ẹ jẹ́ kó fara balẹ̀ yẹ orúkọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ wọlé. Lẹ́yìn náà ni síìmù, lórúkọ tirẹ̀! Àwọn àjọ kan máa ń kánjú, wọ́n á fi NIN òṣìṣẹ́ wọn gba síìmù, wọ́n á wá pín in. Àṣìṣe ńlá ni. Ọwọ́ olè kì í jìnnà sí ẹni tó ń sùn níta. Lọ́jọ́ tí fóònù bá lọ, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba nọ́ńbà náà padà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni OTP, kóòdù tí báńkì fi ń mọ̀ pé oníǹkan ni, ń lọ. Owó tó ti ń tù jọ há nìyẹn. Síìmù tí wọn ò bá sì lò fún oṣù mẹ́fà, ilé-iṣẹ́ lè pa á; bó bá tó ọdún kan, wọ́n lè gbé nọ́ńbà náà fún ẹlòmíì. Kó máa fi pe èèyàn lóṣooṣù.

Ní ti fóònù, ẹ yọ àkáǹtì Google yín kúrò nínú Settings kí ẹ tó pa ohun inú rẹ̀ rẹ́. Bẹ́ ẹ bá fi bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ fóònù pa á rẹ́ láìyọ ọ́, àkáǹtì yín ló máa bèèrè lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ fún, fóònù á sì di pákó. Ti iPhone, Find My, ètò tí wọ́n fi ń wá fóònù tó sọnù, ni kí ẹ pa. Bátìrì tó bá ti wú, ẹ má fi ránṣẹ́ rárá, ó lè gbiná. Ẹni tí kò nílé kò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, owó ló ń san láti ṣáàjì. Android kékeré tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5,000mAh wúlò fún un ju iPhone àtijọ́ tí kì í pẹ́ kú lọ.

Láptọ́ọ̀pù, ọ́fíìsì àjọ ni kó máa gbé, kí wọ́n máa fi kọ́ èèyàn ní títẹ̀wé. Ẹ fi SSD 240GB, ibi ìpamọ́ tó yára, rọ́pò háàdì àtijọ́, kí RAM rẹ̀, ìyẹn mẹ́mọ́rì tó fi ń ṣiṣẹ́, tó 8GB. Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní October 14, 2025, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ti pẹ́ kò sì lè gba Windows 11. Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n lè fi rọ́pò Windows, ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí wọn.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2021 ni àjọ aláàánú Good Things Foundation àti ilé-iṣẹ́ fóònù Virgin Media O2 ti dá National Databank sílẹ̀, tó ń fún aláìní ní dátà lọ́fẹ̀ẹ́. A ò ní irú rẹ̀ nílé. Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ ẹ bá ń fi fóònù kan ránṣẹ́, ẹ fi owó dátà oṣù mẹ́ta tì í, kó lè gbé e dé owó oṣù àkọ́kọ́.