Ilẹ̀kùn Báńkì, Àtẹ̀gùn Ọ́fíìsì àti Igba Náírà Àánú

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú ń bí mi, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí n ṣe sùúrù. Sùúrù wo ló kù tí mi ò tíì ṣe? Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ilẹ̀kùn báńkì. Ẹ mọ èyí tí mò ń wí, ilẹ̀kùn onígíláàsì tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ó wọnú rẹ̀, ti ẹ̀yìn á pa dé, ti iwájú á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣí. Bí kọ́kọ́rọ́ ilé bá wà nínú báàgì yín, á ní kí ẹ padà sẹ́yìn. Kẹ̀kẹ́ arọ ò lè wọ ibẹ̀. Kò fẹ̀ tó. Bó bá tiẹ̀ fẹ̀ tó, irin ni kẹ̀kẹ́ mi, ilẹ̀kùn yẹn ò sì fẹ́ rí irin sójú. Ká tó dé ìdí rẹ̀ gan-an, àtẹ̀gùn mẹ́rin ti wà níwájú rẹ̀, wọ́n lẹ táìlì dídán mọ́ ọn, ó ń kọ mànà.

Nítorí náà, ojú oòrùn ni báńkì tèmi, láàárín àwọn ọkọ̀ tí wọ́n páàkì. Ọlọ́dẹ á wá bá mi: "Àǹtí, ẹ dúró síbẹ̀ yẹn, a máa bá yín pe ẹnì kan." Ẹni tí wọ́n máa bá mi pè á jáde nígbà tó bá wù ú. Á gba káàdì ìdánimọ̀ mi, á gba fọ́ọ̀mù tí mo kọ, á kó wọn wọlé. Mi ò ní mọ ẹni tó ń wò ó, mi ò ní mọ ẹni tó ń dà á kọ. Tó bá yá, á yọjú lẹ́nu ọ̀nà, á sì pariwo láti orí àtẹ̀gùn: "Àǹtí, èló lẹ ní ẹ fẹ́ gbà? Owó tó wà nínú akáǹtì yín ò tó bẹ́ẹ̀ o!" Àwọn ọlọ́kadà tó jókòó lẹ́nu géètì gbọ́. Ìyá tó ń ta ẹ̀pà gbọ́. Ọmọ tí kò mọ̀ mí rí ti mọ iye tí mo ní láyé. Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù nínú lọ́hùn-ún, ṣé ẹ máa gbà kí wọ́n kéde owó yín bẹ́ẹ̀?

Ilẹ̀kùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ o. Ó fẹ̀, kò sì ní àtẹ̀gùn kankan. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà kó owó wọlé. Mo ní kí wọ́n ṣí i fún mi. Wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mánéjà, mánéjà sì wà nípàdé. Kò sí ìgbà tí mo bèèrè tí mánéjà ò sí nípàdé. Àmọ́ ojú mi ló ṣe lọ́jọ́ tí olóṣèlú kan wá, ilẹ̀kùn yẹn ti ṣí gbayawu kí ọkùnrin náà tó sọ̀ kalẹ̀ nínú jíìpù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pé pérépéré.

Nígbà mìíràn, wọ́n á ní kí ọkùnrin méjì gbé mi gun àtẹ̀gùn. Mi ò fẹ́. Obìnrin àgbà ni mí, mo ró ìró, mo wọ bùbá, àwọn ọkùnrin tí mi ò mọ̀ rí á wá ki ọwọ́ bọ abẹ́ itan mi ní gbangba, wọ́n á sì máa retí pé kí n dúpẹ́. Tí mo bá kọ̀, wọ́n á ní mo lágídí.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé òfin wà. Kì í ṣe pé a ń tọrọ oore. Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó ní kí wọ́n má ya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ ní January 2019. Òfin yẹn fún gbogbo ilé tí ará ìlú ń wọ̀ ní ọdún 5 gbáko kí wọ́n fi ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ máa gbà. Ọdún 5 ọ̀hún pé ní January 2024. Ó ní ẹni tó bá yà wá sọ́tọ̀ á san ₦100,000 tàbí kó lọ fi ẹ̀wọ̀n oṣù 6 jura. Tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́, ₦1,000,000. Ẹ wo iye tí báńkì ń gé lórí akáǹtì wa lóṣooṣù, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá mílíọ̀nù kan lè ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó tiẹ̀ ti ṣe òfin tiwọn láti 2011, wọ́n sì dá ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní LASODA sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ wa. Èmi ò tíì fetí ara mi gbọ́ pé wọ́n gbé onílé kan lọ sílé ẹjọ́ nítorí àtẹ̀gùn.

Ká ní ilé àtijọ́ nìkan ni, mo lè gbé e mì. Ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ni mò ń bá jà. Òfin tí Buhari fọwọ́ sí yẹn ò yọ òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá fọwọ́ sí pílánù ilé tí kò rò tiwa sílẹ̀, ìyà wà fún òun náà. Síbẹ̀, ẹ rìn káàkiri Bódìjà àti Ring Road níbí ní Ìbàdàn kí ẹ wo àwọn ilé ìtajà tuntun. Wọ́n rántí ilé jẹnẹrétọ̀. Wọ́n rántí kànga ẹ̀rọ. Wọ́n rántí kámẹ́rà tó ń ṣọ́ olè. Gbogbo ohun tó ń ná èèyàn lówó ni wọ́n rántí. Kọnkéré gẹ̀rẹ́ kékeré kan péré ni wọ́n gbàgbé.

Ní March 2024, ilé oúnjẹ kan nínú pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà sọ fún ọkùnrin kan tó wà lórí kẹ̀kẹ́ pé kò lè wọlé. Ọmọ gómìnà àná ni. Ó kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo ayé pariwo, FAAN, àjọ tó ń bójú tó pápákọ̀ òfuurufú, sì ti ilé oúnjẹ náà pa. Ó dùn mọ́ mi dọ́kàn. Àmọ́ àgbẹ̀ ni bàbá tèmi, ó sì ti kú. Ta ló máa ti báńkì pa nítorí mi?

Rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló ṣe mí lọ́mọdé. Ní August 2020, wọ́n kéde pé kòkòrò rẹ̀ tó ń jà láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ti kúrò nílẹ̀ Áfíríkà pátápátá, àwọn aláṣẹ dì mọ́ra, wọ́n ya fọ́tò. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn tó gbé àjẹsára káàkiri ojúlé ṣiṣẹ́, Ọlọ́run á san án fún wọn. Àwa tó ti mú kí wọ́n tó lé e lọ ńkọ́? A ṣì wà láyé o. A ní ọmọ, a ń san owó ilé, a ń san owó iná.

Ẹ jẹ́ kí n dé orí igba náírà. Mo wà lẹ́nu géètì báńkì kan náà, mò ń bá kọ́sítọ́mà mi kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mò ń sọ iye tí mò ń ta yáàdì àdìrẹ márùn-ún fún un. Ìyá kan tó ń jáde bọ̀ ju igba náírà sí mi lórí itan, ó ní, "Olúwa á wò ẹ́ sàn," ó ń bá tirẹ̀ lọ. Mo pè é padà, mo fi owó náà lé e lọ́wọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo ní, "Ẹ ṣé mà, mi ò tọrọ owó." Ojú rẹ̀ yí padà bìrí. Ó ní ìgbéraga ló ń bá mi jà, ó ní abájọ tí Ọlọ́run fi... Kò parí rẹ̀. Mo mọ bó ṣe fẹ́ parí rẹ̀. Ìyá yẹn kan náà á gun àtẹ̀gùn mẹ́rin yẹn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò sì ní bi mánéjà léèrè pé ọ̀nà wo ni obìnrin tó wà níta máa gbà wọlé. Kí wọ́n fi owó sí wa lórí itan ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Iṣẹ́ wá ńkọ́? Mo kàwé. Mo gba HND nínú ìṣirò owó kí n tó máa ta aṣọ. Gbogbo ibi tí wọ́n pè mí sí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, òkè ni. Níbì kan, wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn rókè ti bàjẹ́ tipẹ́. Mo fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, mo fi ìdí gun àtẹ̀gùn náà. Mo ní mo fi ìdí gùn ún, mo ń fi ọwọ́ ti ara mi láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì, síkẹ́ẹ̀tì tí mo lọ̀ láàárọ̀ ń nu ilẹ̀ wọn. Nígbà tí mo dókè, ọ̀gá tó jókòó síbẹ̀ ò bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan nípa ìṣirò. Ohun tó bi mí ni pé, "Tó o bá fẹ́ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, báwo lo ṣe máa ṣe é?" Òfin 2019 yẹn ní ó kéré tán, 5 nínú 100 òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ jẹ́ aláàbọ̀ ara. Ẹ wọ sẹkitéríàtì èyíkéyìí tó bá wù yín, kí ẹ kà wọ́n.

Ọ̀rẹ́ mi kan ò ríran. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló ń ka ohun tó wà lójú rẹ̀ sí i létí. NVDA lorúkọ ètò náà, ọ̀fẹ́ ni, kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ó ń yára tẹ lẹ́tà ju èmi tí mo ríran lọ. Ilé iṣẹ́ kan pè é wá ṣe ìdánwò, wọ́n ní kò lè lo kọ̀ǹpútà tirẹ̀, àwọn ò sì ní gbé NVDA sórí tàwọn, pé bákan náà ni kí gbogbo èèyàn ṣe é. JAMB tó ń ṣe ìdánwò fún èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan lọ́dún ti ń ṣètò ọ̀tọ̀ fún àwọn afọ́jú láti 2017. Ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gba èèyàn mélòó kan péré ló ní kò ṣeé ṣe!

Tí mo bá sọ̀rọ̀ báyìí, ẹnì kan á ní, "Ṣebí Yínká Ayéfẹ́lẹ́ náà wà lórí kẹ̀kẹ́, ẹ ò rí i bó ṣe là?" Mo rí i. Láti ìgbà ìjàǹbá ọkọ̀ 1997 yẹn ló ti ń ṣiṣẹ́ bí akọni, mo sì ń fi orin rẹ̀ jó lórí kẹ̀kẹ́ mi. Fọláṣadé Olúwafẹ́miayọ̀ náà ńkọ́, tó gbé irin 167 kílò níbi Paralympics, ìdíje àgbáyé àwa aláàbọ̀ ara, ní Paris ní 2024, tó gba góòlù wálé? Ọ̀kan lára wa ni. Ṣé dandan ni kí gbogbo wa di ìlú-mọ̀ọ́ká kí a tó lè wọ báńkì? Ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ yín pé, ṣé góòlù ni wọ́n ń bi yín léèrè lẹ́nu ọ̀nà?

Awakọ̀ Micra náà ò gbẹ́yìn. Wọ́n á ní kí n san owó tèmi, kí n tún san owó kẹ̀kẹ́, pé ẹrù ni. Ẹsẹ̀ mi ni wọ́n ń pè ní ẹrù yẹn.

Tó bá wá di December, tàbí tí ìbò bá ń bọ̀, ẹ ó rí wọn. Wọ́n á kó wa jọ, wọ́n á pín ìrẹsì. Olóṣèlú á pín kẹ̀kẹ́ arọ, á lẹ fọ́tò ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, a ó sì máa tì í kiri àdúgbò tí gọ́tà ò ní ìdérí, tí títì ò ní ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ lè gbà. Owó ìrẹsì ọdún kan tó fi ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́ sí ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Kò ní ṣe é, nítorí kọnkéré ò ṣeé pín níwájú àwọn oníròyìn.

Ẹni tó bá ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálááṣí tàbí ilé ìwé lọ́wọ́, ẹ bá bíríkìlà yín sọ̀rọ̀ lónìí kó tó da àtẹ̀gùn. Bí ẹnu ọ̀nà yín bá ga ju ilẹ̀ lọ ní ẹsẹ̀ bàtà 1, kí ọ̀nà gẹ̀rẹ́ náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12, kó má baà ga ṣánṣán kó dá èèyàn sẹ́yìn. Kí ilẹ̀kùn fẹ̀ tó ínǹṣì 36, ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà. Ẹ má lẹ táìlì tó ń yọ̀ sórí rẹ̀. Tí ẹ bá sì ṣe é tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má páàkì ọkọ̀ dí i.